Ìwé Àṣẹ Awakọ̀ àti Ẹ̀ṣẹ̀ Wẹ́wẹ́ Tí Ń Jẹ Ẹ́ Run

Ní apá àríwá ilẹ̀ Èkìtì, láti Ọmùò dé Ìkọ̀lé, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, àti láti Ìfàkì dé Ìdó, iṣẹ́ àgbẹ̀ kò parí nígbà tí a bá wa iṣu tán tàbí nígbà tí a bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀. Irè oko tí kò bá dé ọjà, bí ẹni pé a kò gbìn ín ni. Láàárín oko àti ọjà ni awakọ̀ wà. Òun ni ó ń gbé ẹrù àgbẹ̀. Òun ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdó. Òun ni ó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní ọdún 2011, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Òun náà ni ó sì ń gbé àwọn ará ìjọ lọ sí ìpàdé. Bí a bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan ni ebi yóò dé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Wọ́n rò pé ó di ìgbà tí ó bá pa ènìyàn, tàbí tí ó bá fi ọtí wakọ̀ wọ inú igbó, kí òfin tó lè gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́, irú èyí tí àwọn èrò inú ọkọ̀ ń fi rẹ́rìn-ín, ni ó ń pa ìwé àṣẹ jù. Nígbà púpọ̀, ọwọ́ àwọn èrò náà kì í mọ́ nínú ọ̀ràn náà.

BÍ A TI Ń GBA ÌWÉ ÀṢẸ

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn san owó fún ìjọba. Ẹ̀rí ni pé a ti dán an wò, a sì rí i pé ó lè mú ọkọ̀ rìn láàárín àwọn ọmọ ènìyàn láìṣe wọ́n ní ibi. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 kò lè gbà á. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, kí ó gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ wò, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní V.I.O., dán an wò. Òun tìkára rẹ̀ ni yóò fara hàn kí a tó ya àwòrán rẹ̀, kí a sì tó gba ààmì ìka rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe é fún un. Ọdún 3 tàbí 5 ni ìwé náà ń lò kí ó tó kú. Ẹni tí ń gun alùpùpù pẹ̀lú ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, èyí tí a fi lẹ́tà A ṣe ààmì fún.

Àwọn kan wà tí wọ́n jókòó sí ilé, tí wọ́n fi owó rán ẹnì kan, tí ìwé sì dé bá wọn láìṣe ìdánwò kankan. Wọ́n rò pé wọ́n gbọ́n. Ìwé ayédèrú ni ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí a bá sì ká ìwé ayédèrú mọ́ lọ́wọ́ ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lé ara rẹ̀ lórí kí ó tó tẹ ọkọ̀ lẹ́ṣẹ̀ rárá.

ÀWỌN Ẹ̀ṢỌ́ OJÚ PÓPÓ

Ní ọdún 1977, nígbà tí ikú ojú ọ̀nà ti ń pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ìgbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní iwájú iṣẹ́ náà. Ní oṣù February ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ mú irú iṣẹ́ kan náà kárí gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ròòdù Séfútì, Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí Àjọ náà dúró lé lórí lónìí ni èyí tí a ṣe ní ọdún 2007. Àjọ yìí ni ó ń tẹ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ jáde, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ bí a ti ń lò ó.

OWÓ ÌTANRÀN ÀTI ÀÀMÌ Ẹ̀BI

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá mú awakọ̀ tí ó rú òfin, ìwé kan ni ó ń kọ fún un. Ohun méjì ni ìwé náà ń gbé wá: owó ìtanràn àti ààmì ẹ̀bi. Owó ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń wò. Wọn a san án, wọn a kùn díẹ̀, wọn a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ààmì ni ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, nítorí ọ̀ràn owó a tán ní ọjọ́ tí a bá san án, ààmì a sì máa kó jọ sí orúkọ ẹni. Báyìí ni àkọsílẹ̀ Àjọ náà ti lọ fún díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀nà ìgbèríko:

Àìlo bẹ́líìtì ìjókòó: ₦2,000, ààmì 2.
Gígun alùpùpù láìdé akoto: ₦2,000, ààmì 2.
Eré àsájù: ₦3,000, ààmì 3.
Yíyọ ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ ní ibi tí kò tọ́: ₦3,000, ààmì 3.
Lílo táyà tí ó ti jẹ tán, tàbí àìní táyà ìpààrọ̀: ₦3,000, ààmì 3.
Lílo tẹlifóònù nígbà tí a ń wakọ̀: ₦4,000, ààmì 4.
Wíwakọ̀ pẹ̀lú ọtí tàbí oògùn lára: ₦5,000, ààmì 5.
Wíwa ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò pé: ₦5,000, ààmì 5.
Àpọ̀jù ẹrù tàbí èrò: ₦10,000, ààmì 10.
Wíwakọ̀ láìní ìwé àṣẹ tí ó yè: ₦10,000, ààmì 10.
Fífi rìbá lọ ẹ̀ṣọ́: ₦10,000, ààmì 10.
Lílo ìwé ayédèrú: ₦20,000, ààmì 10.
Ìwàkuwà tí ó léwu: ₦50,000, ààmì 10.

Nígbà tí ààmì ẹnì kan bá wà láàárín 10 àti 14, a ó kìlọ̀ fún un. Bí ó bá wà láàárín 15 àti 20, a ó dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró fún ìgbà kan, kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ títí ìgbà náà yóò fi pé. Bí ó bá di 21 tàbí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gba ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Kí òǹkàwé ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àpọ̀jù ẹrù, tí gbogbo ènìyàn kà sí àánú tí awakọ̀ ń ṣe fún èrò, ní ààmì tí ó pọ̀ ju ti ọtí lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti gbé awakọ̀ dé ibi ìkìlọ̀.

ÀLỌ ÀTI ÀBỌ̀ AWAKỌ̀ KAN

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kò ní orúkọ, nítorí púpọ̀ ni irú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ èrò tí a ṣe fún ènìyàn 14. Kì í mu ọtí, kì í bú ènìyàn, àwọn ìyá ọlọ́jà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ó wà ní gáréèjì ní Ìkọ̀lé, ó ń lọ sí Adó. Ọkọ̀ ti kún. Ìyá kan dé pẹ̀lú àpò iṣu mẹ́ta, ó ní, “Ọ̀gá dírẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí sí i, bí iṣu yìí bá sùn di ọ̀la, ọjà ti tú.” Awakọ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní kò sí àyè. Àwọn èrò ni wọ́n dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣàánú ìyá yìí, a ó sún mọ́ra.” Ó gbà. Ó fi ènìyàn méjì sí ibi tí a ṣe fún ẹnì kan, ó sì di àpò iṣu sí òkè àti sí ẹ̀yìn títí ilẹ̀kùn kò fi lè padé. Kò fi bẹ́líìtì sí àyà, nítorí ibi tí ó há kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìtapá, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Oníbàárà kan ni, ó sì gbé e sí etí.

Bí ẹ̀ṣọ́ bá dá a dúró ní iwájú Ọyẹ́, ìṣirò náà nìyí: àpọ̀jù 10, bẹ́líìtì 2, tẹlifóònù 4. Gbogbo rẹ̀ di 16, owó ìtanràn sì di ₦16,000. Kò tíì dé Ìfàkì, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ti wọ ibi ìdádúró.

Ká ní ọ̀nà mọ́ ní ọjọ́ náà, tí ó dé Adó láìrí ẹ̀ṣọ́ kankan, ṣé òfin ti sọnù? Ewu kò sọnù. Ọkọ̀ tí ẹrù pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í tètè dúró nígbà tí a bá tẹ ìjánu. Táyà rẹ̀ a máa gbóná, a sì máa bẹ́. Bí ó bá sì dé ibi tí ọ̀nà gbé yí, òkè tí ó wúwo a fẹ́ fà á ṣubú. Ẹni tí kò lo bẹ́líìtì ni ọkọ̀ ń jù jáde nígbà tí ó bá forí sọ nǹkan. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ti fi hàn pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú ẹni tí ó jókòó níwájú kù dé ìdajì.

Ní ti tẹlifóònù, ìṣirò kò le. Ọkọ̀ tí ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá wo tẹlifóònù fún ìṣẹ́jú àáyá 4 péré, ó ti rin mítà 88 bí afọ́jú. Nínú mítà 88, ọmọ iléèwé lè sọ ọ̀nà dá, ewúrẹ́ lè sáré jáde, alùpùpù lè yọ láti ọ̀nà oko.

Nígbà tí awakọ̀ wa yìí ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ fẹ́ ṣú, àwọn èrò sì ń sọ pé, “Dírẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ilé jìn.” Ó tẹ̀ ẹ́. Òfin sọ pé kí ọkọ̀ èrò má ṣe kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan nínú ìlú, àti 80 ní irú ọ̀nà tí ó jáde láti ìlú dé ìlú bí èyí. Òun ń sá 110. Ní ibi tí ọ̀nà gbé yí, ó yọ ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ láìrí iwájú. Eré àsájù jẹ́ 3, ìyọsílẹ̀ tí kò tọ́ jẹ́ 3. Tí a bá fi èyí kún 16 ti òwúrọ̀, ó di 22. Ó jáde ní Ìkọ̀lé ní òwúrọ̀ bí awakọ̀; bí a bá ká gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ní alẹ́ kò tún jẹ́ awakọ̀ mọ́. Bí ó bá sì gbìyànjú láti fi owó sínú ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè parí lábẹ́lẹ̀, ó ti fi 10 mìíràn kún un. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí a lè pè ní ìwà ọ̀daràn. Àṣà ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe sọ pé òfin le jù. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń kọlu nǹkan a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí èyí ni ìjọba fi pàṣẹ láti oṣù October ọdún 2016 pé kí àwọn ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò ní ẹ̀rọ tí ń dín eré kù. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

OHUN TÍ ỌKỌ̀ TÍ KÒ PÉ LÈ ṢE

Àwọn ará ọ̀nà Ìfàkì sí Adó kò ní gbàgbé ìparí oṣù January ọdún 2019. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó ìrẹsì ya bá àwọn ènìyàn ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìwòròkò. Ìròyìn sọ pé ìjánu rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà nínú wọn. Àwọn tí ó kú kò wọ ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n wà, níbi tí a ti ń tajà tí a sì ń ra oúnjẹ alẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí òfin bá fi ààmì 5 sí ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò pé, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ó ń dáàbò bò. Ó ń dáàbò bo ìyá tí ó tẹ́ àtẹ ata sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n: bẹ́ẹ̀ ni ìjánu tí ń dún lónìí, tí a ní yóò dúró di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀.

NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó ń ka ààmì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ń gbé, awakọ̀ tí ó bá kó ààmì 12 jọ láàárín ọdún 3 ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń fi òfin dè pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Ẹni tí a bá mú pẹ̀lú tẹlifóònù lọ́wọ́ lórí ọkọ̀ ń gba ààmì 6 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìtanràn £200. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tí ó gba ìwé àṣẹ, ààmì 6 ti tó láti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ti fi ìwàkuwà mọ́ ara ní ọ̀nà Ìkọ̀lé yóò rí i bí ó bá dé ibẹ̀ pé àṣà a máa bá ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀TỌ́ AWAKỌ̀

Òfin kò fi awakọ̀ sílẹ̀ láìní ẹnu. Owó ìtanràn, báńkì ni a ń san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá sì gbà pé òun kò ṣẹ̀ lè mú ọ̀rọ̀ náà dé iwájú adájọ́ dípò kí ó san owó. Ó yẹ kí awakọ̀ ka ìwé tí a kọ fún un dáadáa, kí ó wo ẹ̀ṣẹ̀ tí a kọ síbẹ̀, kí ó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó tí ó bá san. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ó bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá lu ẹ̀ṣọ́ ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rọ́pò ẹ̀ṣẹ̀ kékeré.

OHUN TÍ Ó KAN ÀGBẸ̀ ÀTI ÈRÒ

Àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí lè sọ pé, “Èmi kò wakọ̀, kí ni ó kàn mí níbẹ̀?” Ó kàn án púpọ̀. Àpò iṣu tí ó lé ni ó ń ra ààmì 10 fún awakọ̀. Ẹni tí ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni ó ń ra ààmì 3 fún un. Nígbà tí ìwé àṣẹ bá sì bọ́, ọkọ̀ a dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ awakọ̀ a jókòó sí ilé nítorí owó iléèwé, iṣu àgbẹ̀ a sì máa rà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó dára nígbà náà kí a pa àwọn ohun wọ̀nyí mọ́:

Èkíní: kí àgbẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ pawọ́ pọ̀, kí wọ́n gba ọkọ̀ akẹ́rù kan, kí wọ́n má ṣe fi ẹrù há èrò mọ́lẹ̀.

Èkejì: kí ó sọ fún awakọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú iye àpò tí ó ní, kí awakọ̀ lè mọ iye èrò tí yóò gbé.

Ẹ̀kẹta: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun orí ẹrù. Iṣu lè já bọ́ kí ó fọ́, a ó gbin òmíràn. Orí ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí a má ṣe sá ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó sí ojú ọ̀nà ọlọ́dà. Ọkọ̀ tí ó ń yà fún ẹ̀gẹ́ lè yà bá ọmọ. Bí a bá sì ń jó igbó oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a ṣọ́ kí èéfín má ṣe bo ojú ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún: kí òbí má ṣe fi alùpùpù lé ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ́wọ́ láti lọ sí oko. Kí ẹni tí ń gùn ún dé akoto, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dé tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹfà: kí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀ máa wo ìwé àṣẹ awakọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó kọ ọjọ́ tí yóò kú sí ojú ewé àlímánáàkì yìí, kí a sì sọ ọ́ di ọ̀tun kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìkeje: bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí a pe nọ́ńbà 122, èyí tí í ṣe ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Kí awakọ̀ má ṣe sá lọ: àìsọ ìjàǹbá fún àwọn aláṣẹ jẹ́ ₦20,000 àti ààmì 10. Ilé ìwòsàn tí ó bá kọ ẹni tí ó fara pa lójú ọ̀nà pẹ̀lú ti rú òfin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, ìyá kan yóò tún dé gáréèjì pẹ̀lú àpò mẹ́ta, ọkọ̀ yóò sì ti kún. Bí awakọ̀ bá ní, “Ẹ má bínú, ìyá mi, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé mi gbé e,” kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ má ṣe pè é ní òǹrorò. Kí àwọn tí ó jókòó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fa bẹ́líìtì wọn bọ̀.